Àṣìtẹ̀

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣómólú kò ju ẹní méjì lọ,
iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, iyanrìn tí kò moore:
o bomi sí i láàárọ̀, ó mu ún tán,
o padà dé lọ́sàn-án, ó ní òun kò rí ọ rí.
Mo gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Ó hù bí irùngbọ̀n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
mẹ́ta níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún.

Mo wá ra dúrọ́ọ̀mù kan, mo fi irin gbígbóná dá a lu.
Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu,
èèpo ẹ̀wà láti ọ̀dọ̀ Sàfúrátù alákàrà, garawa kan lójúmọ́,
gbogbo rẹ̀ tutù, gbogbo rẹ̀ ń ṣomi.
Wọ́n ní ilẹ̀kílẹ̀ ni ààtàn ń gbà.
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò bá ojúlé mẹ́jọ pín ẹ̀yìnkùlé rí.

Òjò oṣù kẹfà dé.
Òórùn náà kò kan ilẹ̀kùn, ó kàn wọlé ni,
ó bá àwọn èèyàn jókòó nídìí oúnjẹ.
Alàgbà Ṣówándé, onílé wa, yọjú lójú fèrèsé,
ó fi etí agbádá bo imú:
"Káṣìmáawò, ṣé òkú lo kó sínú nǹkan yìí ni?"

Sàfúrátù nìkan ló bẹ̀rẹ̀ wò ó.
Ó ní, "Ó ń rì sómi ni. Wá ohun gbígbẹ fún un,
kó lè rí ibi mí."

Ohun gbígbẹ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tẹ̀wé,
ṣé bébà ni yóò wọ́n ọn bí?
Mo kó etí ìwé ìpè ìgbéyàwó,
rìsíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ fò,
kàlẹ́ńdà tó fún oṣù kọkànlá ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Mo ya wọ́n wẹ́wẹ́, mo fi igi rò ó sókè sódò,
títí bébà fi tán. Òórùn kò tí ì tán.

Ó ku ẹrù abẹ́ ibùsùn:
igba ẹ̀dà ètò ìsìnkú ìyá mi
tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ lóru, tí ojú mi kún fómi,
tí mo sọ Àbẹ̀kẹ́ di Àbẹ̀jẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo.
Mo tún òmíràn tẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò da orúkọ ìyá rẹ̀ sórí ààtàn,
bó tilẹ̀ ṣì í kọ?
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sùn lé wọn lórí.

Bébà funfun lásán, tádáwà dúdú, kò ní dídán kankan lára,
irú èyí tí ekòló lè jẹ.
Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ya á.
Àbẹ̀ níhìn-ín, jẹ́ lọ́hùn-ún.
Ó pẹ́ kí n tó parí.

Ọjọ́ karùn-ún, mo ṣí ìdérí, ooru bù lù mí lójú
bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò iṣu.
Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́: ó gbóná bí ara ẹni tó wà láàyè.
Òórùn ti lọ, kò dágbére fún onílé.
Mo sáré pe Sàfúrátù pé ó ti jinná.
Ó rẹ́rìn-ín: "Jinná kẹ̀! Orúkọ rẹ ni kó o jẹ́.
Ká ṣì máa wò ó."

A wò ó dé oṣù kẹwàá.
Ohun tó kù dúdú, ó fúyẹ́, ó ń ta sánsán bí igbó lẹ́yìn òjò.
Mo wá lẹ́tà kan nínú rẹ̀, n kò rí,
àfi èèpo ẹyin díẹ̀, àti ekòló.

Tẹ̀tẹ̀ ti dé orúnkún báyìí.
Alàgbà Ṣówándé ló ń kọ́kọ́ já a láàárọ̀,
kò tọrọ, kò kúkú dúpẹ́.
Èmi náà sè é lọ́jọ́ Àìkú. Mo bù ú, mo dákẹ́ díẹ̀,
mo pe Àbẹ̀kẹ́, mo pè é re,
kí n tó gbé òkèlè.